Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é, kí ló wá dé tá a ṣì ń sanwó? Ibi tí owó iléèwé ìjọba ti ń wá àti ibi tí ìrẹ́jẹ ẹ̀ wà

Màmá kan láti Ìbàdàn ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí: "Ọmọ mi wà ní praimárì 4 níléèwé ìjọba. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ní tẹ́ẹ̀mù yìí nìkan mo ti san owó PTA, owó ìdánwò, owó ọdẹ, wọ́n tún ní kí n ra àga fún un. Iléèwé kan tí ò jìnnà sí wa, ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé tuntun síbẹ̀, tiwa ńkọ́, atẹ́gùn ti ṣí òrùlé ẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ṣé HM wa ló ń kówó jẹ ni? Ibo lowó iléèwé ti ń wá, ta ló ń pín in? Àbúrò mi tó wà ní Houston ní owó orí ilé ni wọ́n fi ń bójú tó iléèwé tiwọn, pé tá a bá ṣe bẹ́ẹ̀ níbí gbogbo ẹ̀ á dáa. Ṣóòótọ́ ni?"

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn ti HM torí ó jọ pé òun ló ń dùn yín jù. Mi ò mọ HM yín, n ò lè bá a búra, àmọ́ owó iléèwé praimárì ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lé lórí ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìwé owó oṣù ni mò ń jókòó tì, ìwé iṣẹ́ àkànṣe náà ń gba ọwọ́ mi kọjá, ohun tí mo lè sọ fún yín ni pé nínú owó ńlá tí ìjọba ń ná lórí iléèwé yẹn, èyí tó ń gba ọwọ́ HM kọjá ò tó nǹkan. Owó oṣù tísà ò gbabẹ̀, báńkì ló ń lọ. Owó ilé ò gbabẹ̀, agbaṣẹ́ṣe ló ń gbà á. Èyí tó ń dé ọwọ́ ẹ̀ ní tòótọ́ ni èyí tẹ́yin òbí ń san. Ìyẹn ò ní kí HM kan má jẹ́ olè o, àwọn tó ń jalè wà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yọ gbogbo HM olè kúrò lónìí, wọ́n ṣì máa ní kẹ́ ẹ mú owó ìdánwò wá lọ́la.

Ohun tó fà á ni pé àpò mẹ́ta ni iléèwé ìjọba ń náwó látinú ẹ̀, àwọn àpò yìí ò sì mọ ara wọn rárá. Àkọ́kọ́ ni ti owó oṣù tísà. Èkejì ni ti ilé kíkọ́, àga àti ìwé. Ìkẹta ni ti nǹkan tí iléèwé ń lò lójoojúmọ́, ṣọ́ọ̀kì, ìgbálẹ̀, kọ́kọ́rọ́, bébà ìdánwò, owó ọdẹ tó ń ṣọ́ iléèwé lóru. Méjì àkọ́kọ́ ní ẹni tó ni wọ́n, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bínú sí. Ìkẹta yìí ọmọ òrukàn ni, kò sẹ́ni tó ní tòun ni, ẹ̀yin òbí lẹ wá gbà á tọ́. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé ibo gan-an ni ìrẹ́jẹ wà jù nínú ọ̀rọ̀ iléèwé ìjọba, ibẹ̀ ni màá nawọ́ sí, n ò ní nawọ́ sí ilé tuntun tẹ́ ẹ rí níléèwé kejì yẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbà á bó ṣe wà.

Owó oṣù ló pọ̀ jù, gbogbo ìyókù ò sún mọ́ ọn. Lóṣooṣù ni wọ́n máa ń jókòó l'Ábújà pín owó tó wọlé fún orílẹ̀-èdè, tí wọ́n bá ti yọ 13% tàwọn ìpínlẹ̀ tó ń mú epo jáde, ìjọba àpapọ̀ á mú 52.68%, àwọn ìpínlẹ̀ á pín 26.72%, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 á pín 20.60% tó kù, owó VAT ní ètò tiẹ̀ lọ́tọ̀. Inú 20.60% yẹn ni owó oṣù tísà ọmọ yín wà. Owó káńsù ni. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé gómìnà ló ń san án látinú àpò ìpínlẹ̀, àní àwọn tísà míì gan-an ò mọ̀, torí ojú SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó praimárì àti JSS, ni wọ́n ń rí, SUBEB ló ń gbà wọ́n síṣẹ́, òun ló ń fún wọn nígbèéga.

Àmọ́ owó náà kì í lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà. Òfin ìlú ti 1999, ẹsẹ 162, ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní joint account, àpò àpapọ̀ tí owó gbogbo káńsù ẹ̀ á máa wọ̀, JAAC, ìgbìmọ̀ tó ń pín owó inú àpò yẹn, á wá jókòó lé e. Ìwé tí wọ́n máa ń kà níbẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyí: iye tó wọlé lápapọ̀ wà lókè pátápátá, ó máa ń wuyì lójú, lẹ́yìn náà ni ìyọkúrò á bẹ̀rẹ̀, owó oṣù tísà praimárì, owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, 5% tàwọn lọ́balọ́ba, 1% fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ bébà, ohun tó bá ṣẹ́kù lábẹ́ ni wọ́n á pín fún àwọn alága, oṣù míì sì wà tó jẹ́ pé ohun tó ṣẹ́kù yẹn ò ju kí wọ́n fi san owó oṣù òṣìṣẹ́ káńsù fúnra wọn. Láwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn 1999 àwọn káńsù kan wà tí kò sí nǹkan tó kù fún wọn rárá, zero allocation ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, alága á lọ sípàdé, bébà lásán ló máa gbé bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo pé kí wọ́n ṣáà gbé owó káńsù fún káńsù, ẹ rántí ìdí tí wọ́n fi ń yọ owó tísà lókè. Ní 1988 ìjọba ológun dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa mójú tó praimárì, ní 1991 wọ́n tú u ká, wọ́n gbé gbogbo ẹrù náà lé káńsù lórí, ojú ẹsẹ̀ ni wàhálà dé, wọ́n ń jẹ tísà lówó oṣù lọ́tùn-ún lósì, iléèwé ń tì pa, ìyanṣẹ́lódì ò tán lẹ́nu, títí wọ́n fi dá àjọ náà padà ní 1993. Tísà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ láyé ìgbà yẹn ò lè gbàgbé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Supreme Court dájọ́ ní July 11, 2024 pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà, táwọn èèyàn ń yọ̀, ohun tí ẹgbẹ́ tísà, NUT, ń béèrè ni pé: owó oṣù tiwa ńkọ́? Èmi náà fara mọ́ ìdájọ́ yẹn o, owó káńsù ti pẹ́ jù lọ́wọ́ àwọn gómìnà, àmọ́ ìbéèrè tísà bọ́gbọ́n mu. Àbá tèmi ni pé kí ìpínlẹ̀ náà gbé nínú owó oṣù tísà praimárì, kó má jẹ́ káńsù nìkan, torí tẹ́ ẹ bá ka òfin ìlú dáadáa, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ káńsù sí, ohun tí wọ́n kọ ni pé káńsù á bá ìjọba ìpínlẹ̀ kópa nínú ètò ẹ̀kọ́ praimárì. Kò sí ibi tó ti ní kí káńsù dá a gbé, àwọn gómìnà ló tẹ̀yìn jọ̀wọ́ ẹrù fún wọn.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò nìyí, torí àwọn èèyàn kì í sọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé owó oṣù ló pọ̀ jù nínú gbogbo owó iléèwé, a jẹ́ pé iléèwé tó bá ní tísà jù ni ìjọba ń náwó lé lórí jù, kò tún sí àlàyé míì. Ẹ wo iléèwé tó wà láàárín ìgboro, tí mákẹ́ẹ̀tì wà nítòsí, tí mọ́tò ń já èèyàn sẹ́nu géètì, ẹ lè bá tísà méjì nínú kíláàsì kan. Ẹ wá gba ọ̀nà Ìdó tàbí Akínyẹlé wọnú abúlé lọ, ẹ ó bá iléèwé tí HM fúnra ẹ̀ ń kọ́ praimárì 5 àti 6 pa pọ̀, ó kọ iṣẹ́ praimárì 5 sápá òsì pátákó, ó kọ ti praimárì 6 sápá ọ̀tún, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí àárín, ọmọ mẹ́fà á ṣíwọ́ iṣẹ́ tiwọn, wọ́n á máa wo ti ẹ̀gbọ́n wọn. Kò sí bájẹ́ẹ̀tì kankan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí wọ́n náwó lé ọmọ ìgboro ju ọmọ abúlé lọ. Lẹ́tà ìgbésípò ló ń ṣe é díẹ̀díẹ̀. Tísà tí wọ́n bá gbé lọ sábúlé, ọkọ ẹ̀ wà nígboro, ó ń tọ́mọ lọ́wọ́, ojú ọ̀nà ò dáa, kò sílé tó lè gbà síbẹ̀, gbogbo owó oṣù ẹ̀ ọ̀kadà ló ń gbé e lọ, ó di dandan kó wá ẹni tó mọ̀ láti dá a padà, ẹni tó mọ̀ á sì bá a ṣe é. N ò bá tísà wí. Ẹni tí mo bá wí ni ìjọba tó mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn tí ò kọ́lé tísà sábúlé, tí ò sì fi owó kan kún owó oṣù wọn tó máa tó owó ọkọ̀.

Ó ku owó ilé, èyí tó ń bí yín nínú. Ìyẹn ò ti káńsù wá. Òfin UBE ti 2004, òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ló gbé e kalẹ̀, ó ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán 2% nínú àpò owó ẹ̀, UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó o, á máa pín in, SUBEB ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan á máa gbà á. Apá tó tóbi jù níbẹ̀, kí ìpínlẹ̀ tó lè fọwọ́ kàn án, ó gbọ́dọ̀ gbé iye kan náà sílẹ̀ látọ̀dọ̀ tiẹ̀. UBEC gbé náírà kan, ìwọ náà gbé náírà kan. Nígbà tí wọ́n ṣòfin yẹn ó jọ nǹkan ọgbọ́n, kí gómìnà má baà dá gbogbo ẹ̀ dá Ábújà, àmọ́ ẹ wo ohun tó yọrí sí: ìpínlẹ̀ tó lówó lọ́wọ́ á tètè gbé tiẹ̀ sílẹ̀, á kó ti UBEC, ìpínlẹ̀ tí ò rówó san owó oṣù á máa wò ó lókèèrè, owó ẹ̀ á jókòó sí UBEC, àwọn ọmọ tó nílò ẹ̀ jù ló jẹ́ pé wọn ò rí i. Ọdọọdún la sì ń gbọ́ pé owó wà ńlẹ̀ tí wọn ò wá gbà. Àwọn gómìnà míì rówó ẹ̀ o, wọn ò kàn fẹ́ ni, torí tí wọ́n bá ti kó o pọ̀ tán, UBEC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe kí wọ́n tó ná an, kò ṣe é yí síbòmíì.

Bí wọ́n ṣe ń pín apá yẹn náà ní wàhálà. Dọ́gbadọ́gba ni, ohun tí Kánò gbà ni Ẹ̀kìtì ń gbà, ohun tí Èkó gbà ni Bayelsa ń gbà. Ó dún létí bí ohun tó tọ́, àbí? Àmọ́ Kánò ní káńsù 44, Ẹ̀kìtì ní 16, ẹ wá fojú inú wo iye ọmọ tó wà ní ibi méjèèjì, kẹ́ ẹ fi pín owó kan náà. Ọmọ kan ní Kánò, ohun tó kàn án kéré jìnnà. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan nínú wa nílẹ̀ Yorùbá ò ní dùn sí ohun tí mo sọ yìí, torí ohun tá a máa ń sọ ni pé àríwá ló ń kó gbogbo owó, bẹ́ẹ̀ náà làwọn ará Èkó ń ráhùn lórí ti káńsù, pé 20 péré lòfin ìlú kọ fún wọn tí wọ́n fi ń pín owó fún wọn, nígbà tí Kánò tó ní 44 ń gbà fún 44, tí Èkó sì ti dá LCDA 37, káńsù kéékèèké tó dá sílẹ̀ fúnra ẹ̀, kún tiẹ̀ tí Ábújà ò kà á mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ yẹn le débi pé ní 2004 ìjọba àpapọ̀ dá owó káńsù Èkó dúró. Méjèèjì ló ní ẹ̀sùn tó tọ́ lọ́wọ́. Ohun tí màá fara mọ́ ni kí wọ́n fi orí ọmọ tó wà nínú kíláàsì pín owó, kí wọ́n fi díẹ̀ kún un fún ibi tí òṣì pọ̀ sí, yálà èyí jẹ́ Ṣakí àbí Sókótó.

Tówó bá ti dé SUBEB, ta ló ń mú iléèwé tí wọ́n máa kọ́lé sí? Ìwé sọ pé SUBEB á kó orúkọ iléèwé tó nílò ẹ̀ jọ, UBEC á yẹ̀ ẹ́ wò. Lójú ayé, ẹni tó bá lẹ́nu nílùú ń sọ̀rọ̀ síbẹ̀, iléèwé tó bá wà létí títì máa ń tètè rí i torí pátákó orúkọ á hàn. Àwọn ilé míì tẹ́ ẹ ń rí gan-an kì í ṣe ti SUBEB, ti aṣòfin ni, iṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n ń pín fún sẹ́nétọ̀ àti ọnọrébù, ibi tó bá wù ú ló máa gbé e sí. Torí náà ilé tuntun iléèwé kejì yẹn, ó ṣeé ṣe kó má ní nǹkan ṣe pẹ̀lú HM wọn tàbí HM yín. Ẹ ka pátákó tó wà lára ẹ̀, ẹ máa rí ẹni tó kọ́ ọ.

Ó wá ku ti àpò kẹta. Mo rántí HM kan tí mo bá lọ́fíìsì, ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ìwé eksásáìsì ogójì ewé kan wà níwájú ẹ̀ tó ti fi rúlà pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ó ń kọ orúkọ òbí tó ti sanwó sí apá kan, ó ń kọ ohun tó fi owó rà sí apá kejì: ṣọ́ọ̀kì, kọ́kọ́rọ́ torí wọ́n já èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ọṣẹ, owó ẹni tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, bébà, owó ọkọ̀ lọ sípàdé tí ọ́fíìsì tiwa ló pè é sí. Apá kẹta ni èyí tó fi owó ara ẹ̀ rà tí wọn ò tíì dá padà fún un, ó sì gùn ju méjì àkọ́kọ́ lọ. Mo bi í pé kí wá nìjọba ń fún yín fún àwọn nǹkan yìí, ó ní tó bá dé, kò ní pé kẹ́yin má mọ̀, ẹ̀yin lẹ wà lọ́fíìsì. Òótọ́ ló sọ, mo mọ̀ pé kò dé.

Òfin náà ò sì ran HM lọ́wọ́. Òfin UBE yẹn ní praimárì àti JSS ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ka ohun tí ọ̀fẹ́ yẹn jẹ́: ìwé, nǹkan ìkọ́ni, kíláàsì, àga àti tábìlì, àní oúnjẹ ọ̀sán wà níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gba owó iléèwé lọ́wọ́ òbí lè san ìtanràn tó tó ₦10,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì pọ̀. Òfin tó ń dẹ́rù ba HM báyìí ò ní ìjìyà kankan fún ìjọba tí ò kó ṣọ́ọ̀kì wá. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ìlú, níbi tó ti sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ẹsẹ 18, ó ní nígbà tó bá ṣeé ṣe, apá yẹn sì wà lára ohun téèyàn ò lè gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ lé lórí. Ti oúnjẹ ọ̀sán, Ọ̀ṣun ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ kí ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 2016 lórí ₦70 fún ọmọ kan lóòjọ́, praimárì 1 sí 3 nìkan ni wọ́n ṣe é fún, ọmọ praimárì 4 bíi tiyín ò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí ìrẹ́jẹ ti ń wọlé nìyí. Iléèwé tí òbí ẹ̀ lówó díẹ̀, PTA á gba ọdẹ, á tún ilé ìgbẹ́ ṣe, á gba tísà kún tísà tí wọ́n á máa fi owó òbí san. Iléèwé tó jẹ́ alágbàṣe àti oníṣòwò kékeré ló ní ọmọ níbẹ̀, PTA ò ríṣẹ́ ṣe. Ìjọba kan náà, orúkọ ọ̀fẹ́ kan náà, àmọ́ àpò òbí ló ń sọ bí iléèwé ṣe máa rí. Àwọn gómìnà wa fẹ́ràn kí wọ́n máa wọ́gi lé lẹ́fì, wọ́n ṣe é l'Ékìtì ní 2018, l'Ọ́yọ̀ọ́ náà ọjọ́ tí wọ́n búra fún gómìnà ní May 29, 2019 ló fòpin sí lẹ́fì ₦3,000 tí wọ́n ń gbà níléèwé girama, ohun tó dáa ni, ó ń mú ọmọ aláìní wọlé. Àmọ́ tí gómìnà èyíkéyìí bá wọ́gi lé lẹ́fì, ẹ má pàtẹ́wọ́ tán kẹ́ ẹ tó bi í pé èló ló fi dípò ẹ̀ fún iléèwé kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ wo lowó yẹn sì máa ń débẹ̀. Tí ò bá ní ìdáhùn, lẹ́fì yẹn á padà wá pẹ̀lú orúkọ míì, owó ìdánwò, owó ìmọ́tótó, owó ìdágbére.

Owó wà tí wọ́n lè fi ṣe é, ìyẹn ló ń dùn mí. Owó orí ètò ẹ̀kọ́ táwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í san ní 1993, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ praimárì ní ìpín tó pọ̀ níbẹ̀, 40%, iléèwé girama 10%, àwọn yunifásítì, pólì àtàwọn iléèwé olùkọ́ni 50%. Ní 2011 wọ́n yí òfin ẹ̀ padà, ó di TETFund, gbogbo ẹ̀ wá di ti àwọn iléèwé gíga. N ò ní kí wọ́n má fún yunifásítì lówó o, ebi ń pa àwọn náà, àmọ́ ọmọ tó máa dé yunifásítì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀wé kà ní praimárì, àwọn tó sì ń jáde láìmọ̀wé kà, ọmọ òtòṣì ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín tó wà ní Houston ńkọ́? Òótọ́ ni pé owó orí ilé wà lára ohun tí wọ́n fi ń bójú tó iléèwé ní Texas, ó máa ń wu èèyàn torí owó náà dájú, ó sún mọ́ni, ẹni tó san án mọ ibi tó lọ. Àmọ́ ẹ ní kó béèrè ìtàn San Antonio níbẹ̀. Àdúgbò méjì ni, Edgewood tó jẹ́ pé àwọn aláìní tí ìran wọn ti Mẹ́síkò wá ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti Alamo Heights tó jẹ́ ti olówó. Ní 1967 sí 1968, owó orí tí Edgewood bù lé ilé wọn ga jù, dọ́là 1.05 lórí dọ́là 100, Alamo Heights bu 0.85 péré, síbẹ̀ dọ́là 26 ni Edgewood rí lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, Alamo Heights rí 333. Ẹni tó ń san jù ló ń rí gbà kéré jù, torí ilé ẹ̀ ò lówó lórí. Bàbá kan tó ń jẹ́ Demetrio Rodriguez àtàwọn òbí míì gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó dé Supreme Court Amẹ́ríkà ní 1973, wọ́n fìdí rẹmi, adájọ́ 5 lòdì sí 4, wọ́n ní òfin ìlú Amẹ́ríkà ò ka ẹ̀kọ́ mọ́ ẹ̀tọ́ pàtàkì. Ó di 1989 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Texas fúnra ẹ̀ tó gbè wọ́n lẹ́yìn, ní 1993 wọ́n ṣòfin tó ń gba nínú owó àdúgbò olówó fún aláìní, àríyànjiyàn ẹ̀ ò tíì tán dòní. Tá a bá wá ṣe irú ẹ̀ n'Íbàdàn, Bódìjà á kọ́ iléèwé bí òtẹ́ẹ̀lì, Bẹẹ̀rẹ̀ á máa wò ó.

Àwa náà ti dán owó orí wò rí o. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, Awokoya tó jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́ gbé àbá ẹ̀ wá ní 1952, lẹ́yìn náà ni wọ́n bu lẹ́fì ẹ̀kọ́ àti ìlera, ṣílè 10 àti sísì, lé àwọn èèyàn lórí. Inú ò dùn sí i rárá, àwọn àgbà ń bínú pé ẹ gba owó lọ́wọ́ wa, ẹ tún fẹ́ kó ọmọ tó ń bá wa ṣoko, nígbà ìbò 1954 sílé aṣòfin àpapọ̀ NCNC ló borí Action Group ní Ìwọ̀ Oòrùn níbí. Wọn ò dẹ̀yìn. January 17, 1955 ó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tó jẹ́ 456,600 ní 1954 di 811,432 lọ́dún yẹn. Ohun tó jẹ́ kó yàtọ̀ sí ti Texas ni pé àpò kan ni gbogbo lẹ́fì yẹn wọ̀, láti àpò yẹn ni wọ́n ti ń pín in káàkiri ẹkùn, ọmọ Ìgbómìnà tó wà lábẹ́ wọn àti ọmọ Ìbàdàn, ètò kan náà ló ń gbé wọn. Tí wọ́n bá ní kí n san owó orí fún ẹ̀kọ́ lónìí màá san án, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa pín in.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ lè ṣe báyìí? Nípàdé PTA tó ń bọ̀, ẹ fara balẹ̀, ẹ má pariwo lé HM lórí, ẹ ní kó gbé ìwé owó wá kí ẹ jọ kà á, kí òbí kan tó mọ̀wé máa bá a tọ́jú ẹ̀, tó bá mọ́ lọ́wọ́ inú ẹ̀ á dùn sí i. Owó PTA yẹn, òbí ló fẹnu kò sí i, kò sí ẹni tó lè torí ẹ̀ lé ọmọ yín kúrò ní kíláàsì tàbí nínú ìdánwò, tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ ẹ lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ní káńsù yín. Ti òrùlé, ẹ jẹ́ kí SBMC, ìgbìmọ̀ òbí àti aráàlú tó ń bá iléèwé mójú tó ètò ẹ̀, kọ lẹ́tà sí SUBEB, kí fọ́tò wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ tún lo òfin FOI ti 2011, èyí tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, béèrè iléèwé tí wọ́n kọ sínú ìwé iṣẹ́ ọdún yìí, ọjọ́ 7 lòfin fún wọn láti dáhùn. Àga tẹ́ ẹ rà yẹn, ẹ má jẹ́ kó wọlé lásán. Ẹ ní kí HM kọ ọ́ sínú ìwé ẹrù iléèwé pé òbí ló rà á, torí tí àwọn tó ń ka àga bá dé láti ọ́fíìsì, tí wọ́n bá kà á tó pé, ohun tí wọ́n máa kọ lọ ni pé iléèwé yín ò nílò àga.